Àlejò ní 200 level: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu bíbá akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí wá rìn

Ọjọ́ kejì tí mo wọ kíláàsì ní Èkó, olùkọ́ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, ó ní ká ṣe é bí a ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá, "àmọ́ kì í ṣe bíi ti ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn o." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn, mi ò sì mọ ohun tó ṣe lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì Ìlọrin ni mo wà.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 100 level, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́, kò nílò irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wọn ló jọ jẹ́ àlejò. Ó lè béèrè ibikíbi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú kò ní tì í. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ṣí wá láti yunifásítì mìíràn, tàbí tó o gba Direct Entry, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ 200 level tààrà, wọlé láti Poly tàbí láti ilé ẹ̀kọ́ NCE, àárín ọ̀nà lo ti bọ́ sínú ọkọ̀. Ojú onílé ni wọ́n fi ń wò ọ́. Tó o bá béèrè pé ibo ni ọ́fíìsì HOD, olórí ẹ̀ka, wà, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lo máa béèrè, o ò ní béèrè mọ́. Wàá kàn máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé mi kúrò ní Ìlọrin kò le láti sọ. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, wọn ò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá màmá mi tajà ní Bàrígà. Nígbà tí wọ́n fi máa ní ká máa bọ̀, orúnkún màmá mi ti ń dà á láàmú, kò sì sí ẹlòmíràn nílé. Mo ní n ò padà mọ́. Ìwé tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ló gùn: transcript, ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ, gbọ́dọ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí èkejì, kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ, JAMB tó ń bójú tó ìgbàwọlé náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka tuntun máa wá yẹ àwọn kọ́ọ̀sì rẹ wò níkọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí wọ́n máa gbà àti èyí tí wọ́n máa dà nù. Mo rò pé tí wọ́n bá ti fún mi ní ìwé ìgbàwọlé, ìjà ti parí. Mo jó nílé lọ́jọ́ yẹn o.

CGPA mi, ìyẹn àpapọ̀ máàkì mi nínú 5, jẹ́ 4.12 ní Ìlọrin. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ní Èkó, mo gba 2.87. Mo rò pé orí mi ló ti bàjẹ́. Ìgbà tó yá ni mo wá kà á pé wọ́n ti fún nǹkan yìí lórúkọ ní Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1965, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ J. R. Hills kọ̀wé lórí ohun tó pè ní transfer shock: máàkì ọmọ tó ṣí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré lọ sí yunifásítì sábà máa ń já wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì tún gòkè padà. Ká ní ẹnì kan sọ ìyẹn fún mi lóṣù àkọ́kọ́ ni, mi ò bá má ti fi omijé rẹ ìrọ̀rí odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó gbà mí kì í ṣe olùkọ́, kì í sì í ṣe ẹni tó mọ̀wé jù ní ẹ̀ka wa. Ẹ̀gbọ́n kan ní 300 level ni, òun náà ti jẹ́ àlejò rí, Direct Entry ló gbà wọlé. Ó rí mi níwájú pátákó ìkéde, ó ní, "Àbúrò, o ti ń ka ìwé kan náà láti àárọ̀." Ó mú mi lọ sí búkà, ó ra ìrẹsì igba náírà mọ́ tiẹ̀, ó sì ṣí èsì ìdánwò tiẹ̀ sórí fóònù. F méjì ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn bí ẹni ń fi àpá ojú ẹsẹ̀ hàn ọ́. "Èyí, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Sátidé, mi ò gbọ́, torí mi ò sí nínú WhatsApp wọn." Ó tọ́ka sí èkejì. "Èyí ṣá, mi ò kàwé." A rẹ́rìn-ín débi pé ìyá olóńjẹ wò wá. Mo bá mú fóònù tèmi jáde, mo fi 2.87 mi hàn án. Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni kó tó dìgbà yẹn, títí kan màmá mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé tó o bá fẹ́ kí àlejò tú ẹrù rẹ̀ fún ọ, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ tú tìẹ.

Nígbà tí èmi náà dé 300 level, àwa mẹ́rin tá a ṣí wá pinnu pé ká máa bá àwọn tuntun rìn. A kò pe ara wa ní mentor, ó ti ga jù. Alábàárìn la pè é. Akọ̀wé HOD bá wa lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, ẹni méjìlá ló sì yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bisikíìtì wà, mínírà wà, ẹnì kan nínú wa tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni mẹ́rin ló kù. Ó bí mi nínú nígbà yẹn, àmọ́ àwa la jẹ̀bi. Ètò jámbáìtì, ọmọ tuntun 100 level, la ṣe fún àwọn tí kì í ṣe jámbáìtì. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n gba kọ́ọ̀sì rẹ̀ wọlé tàbí wọn ò gbà á, ṣé ó fẹ́ gbọ́ pé "o lè ṣe é" ni? Kí ló máa ṣe?

Ẹnì kan wà lórí ìwé wa tí kò yọjú rárá. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tèmi, ni mo bá pè é. Mo ní, "Ẹ káàsán sà, èmi ni alábàárìn yín."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Òun jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ní ọmọ méjì, ó ti gba ND ní Poly tipẹ́, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sì ń ṣe ní Ṣómólú. Ó ní òun dúpẹ́, òun ò ráyè, ó sì pa fóònù.

Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Àmọ́ láti Bàrígà sí Ṣómólú kò jìnnà, n ò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé etí ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti dé: ẹ̀rọ lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ lósì, òórùn yíǹkì, àjákù ìwé lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé, ó ń gé ètò ìsìnkú màmá àgbà kan. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ní yíǹkì. Ó ti pẹ́ jù, aṣọ mi ti gbà á.

Mo na course form sí i, ìwé tí wọ́n kọ gbogbo kọ́ọ̀sì àti unit wọn, ìyẹn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, sí. Kò tíì kà á, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á. "Eighty gram," ó ní, bí ìwé náà ṣe nípọn tó ló ń sọ. "Wọ́n ń náwó." Lẹ́yìn náà ló wá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Unit mẹ́rìnlélógún yìí, ṣé dandan ni kí n gbé gbogbo ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Mo ní rárá, 24 ni òkè rẹ̀, 15 ni ìsàlẹ̀, ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Ó mú àjákù ìwé kan nílẹ̀, ó yí i sí ẹ̀yìn níbi tí kò sí àwòrán òkú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ohun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, là kalẹ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 level nínú kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin kò gbọdọ̀ dín ní 120 unit. Fún ẹni tó wọlé láti Direct Entry, 90. Ó pín 90 sí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà, ó rí 15. Ó wò mí. Mo ní kó má tíì yọ̀, pé àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan ní ẹ̀ka wa máa tì í kọjá ìyẹn, àti pé ti GST, kọ́ọ̀sì ìmọ̀ gbogbogbòò, tí àwọn yòókù ti ṣe ní 100 level ṣì lè ń dúró dè é. Síbẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀ pé nǹkan kan ti fúyẹ́. Ó ti ń gbèrò láti ta ẹ̀rọ kan kó lè ráyè kàwé. Àjákù ìwé yẹn ni kò jẹ́ kó tà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí, mi ò rí ẹni tó kọ́ wa. Ní ilẹ̀ wa, kò sí bí ẹni tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí ṣe máa gba kó o sọ fún un pé kó má pẹ́ dé kíláàsì. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mo wá ohun tí òun náà lè fún wa. Mo ní kó bá wa tẹ ìwé pélébé kan: ọjọ́ tí add and drop, àyè láti fi kọ́ọ̀sì kún tàbí yọ ọ́, máa ń tì, ibi tí ọ́fíìsì wà, àkókò tí level adviser, olùkọ́ tó ń gba kíláàsì nímọ̀ràn, máa ń wà ní ìjókòó. Ó bú àṣìtẹ̀ wa, ó tún un kọ, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà yẹn, kò pa ìpàdé jẹ mọ́. Ìwé rẹ̀ ló ń wá wò, kì í ṣe èmi. Ó ń pè mí ní Àǹtí Alábàárìn, ó sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo bàjẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣí wá láti ìhà Oǹdó lọ́dún 2024, sí 200 level. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, ó bi mí lórí WhatsApp pé ENT 211, kọ́ọ̀sì ìdásílẹ̀ òwò, ńkọ́, ṣé dandan ni. Mi ò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ̀ ẹ́ padà pé, "Má dààmú, kò sí lára tiwa." Òótọ́ sì ni, kò sí lára *tiwa*. Ṣùgbọ́n NUC ti gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2023/2024: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ọ̀sì láti ọ̀dọ̀ NUC, ìdá 30 láti ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Àwọn tí ọmọ náà wá bá ní kíláàsì wà lábẹ́ ìlànà yẹn, ENT 211 sì wà níbẹ̀ gbọingbọin. Èmi tí mo ṣáájú wọn ní ọdún kan péré, abẹ́ ìlànà àtijọ́ ni mo wà. Ìgbà tí add and drop ti tì ló tó mọ̀. Ó di kó dúró dè é ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kó lọ jókòó láàárín àwọn àbúrò rẹ̀.

Kò bú mi. Ó ní, "Kò burú, Àǹtí." Ká ní ó bú mi ni, mo lè bá a jà.

Ìmọ̀ tí alábàárìn ní máa ń kan bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, kì í sì í kéde kó tó kan. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni nínú wa tó tún ń dáhùn ìbéèrè kọ́ọ̀sì lórí fóònù. "Jẹ́ ká lọ béèrè" ni ìdáhùn wa, a ó sì bá ọ dé ẹnu ọ̀nà level adviser. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ̀ pé lẹ́yìn agogo méjì ló dára láti lọ bá a, pé kí o kí akọ̀wé kí o tó kan ilẹ̀kùn, pé kí o mú transcript dání. Òfin fúnra rẹ̀, kó ti ẹnu ẹni tó ni ín jáde.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: fi àlejò rẹ sínú WhatsApp kíláàsì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ Sátidé ń gbé. Má gba password ẹnikẹ́ni láti bá a forúkọ sílẹ̀. Jókòó tì í kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wá ẹnì kan nínú kíláàsì tirẹ̀ gan-an kó o fi mọ̀ ọ́n, nítorí ìwọ ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá dá àpárá ọdún tó kọjá. Tó bá jẹ́ Ìkòròdú ló ń gbé, tí kíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ agogo mẹ́jọ, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó máa sùn sí. Má yá a lówó ju èyí tí o lè gbàgbé lọ.

Ọmọbìnrin Oǹdó ti ṣe ENT 211. B ló gbà. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé wa náà ti di alábàárìn báyìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ni wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ń bínú. "Àǹtí, ọmọ tí ẹ fún mi yìí kì í gbé fóònù. Kì í wá sí ìpàdé. Ẹ gbà á padà."

Mo ní, "Ẹ lọ bá a níbi tó wà, sà."

"Ìyànà-Ìpájà ni o!"

Mo ní, "Aṣọ mi kan ṣì ní yíǹkì Ṣómólú lórókùn."

Ó pòṣé. Ariwo ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí kọ̀ǹdọ́ ń pè é pé kó mú owó ọkọ̀ rẹ̀ wá.