Issa Hayatou àti àga ọdún 29

Issa Hayatou, ààrẹ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, nígbà kan rí, ló gba ọkàn mi lónìí. Ọjọ́ 8, oṣù Ògún, ọdún 2024 ló jáde láyé, ó ku ọ̀la kó pé ẹni ọdún 78.

Ọmọ Garoua ni, ní àríwá Kamẹrúùnù. Eléré ìdárayá gan-an ni kó tó jókòó sídìí àkóso. Ó sáré 400 mítà àti 800 mítà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi di akọ̀wé àgbà àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 1988, ní Casablanca, wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ CAF.

Àyè méjì péré ni Áfíríkà ní nínú Ife Àgbáyé nígbà náà. Méjì, fún gbogbo ilẹ̀ yìí! Àfi ìgbà tí Kamẹrúùnù na Argentina ní Milan lọ́dún 1990, tí wọ́n sì wà lára mẹ́jọ tó kẹ́yìn, ni Áfíríkà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. Àyè náà di mẹ́ta ní 1994, ó di márùn-ún ní 1998. Nínú mẹ́ta yẹn ni Super Eagles ti kọ́kọ́ lọ. Mi ò lè gbàgbé oore yẹn láé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Ó le fún Nàìjíríà náà: a ò lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà ti 1996, CAF sì dá wa dúró ní 1998. Mo lè fara mọ́ ìyẹn, òfin ni. Ti Togo ni mi ò lè fara mọ́. Oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn agbébọn yìnbọn sí ọkọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ní Cabinda, ní Angola, níbi tí wọ́n ti ń lọ gbá Ife Áfíríkà, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbẹnusọ wọn kú. Ìjọba wọn ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. CAF wá ní ìjọba tojú bọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n fòfin de Togo fún ìdíje méjì! Ẹni tí òkú ṣì wà nílẹ̀ fún! Lóòótọ́, wọ́n fagi lé e lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu.

Ká ní ó fi àga sílẹ̀ lẹ́yìn Ife Àgbáyé ti South Africa lọ́dún yẹn ni, ìlù la ì bá fi sìn ín. Dípò bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2015 ni wọ́n yọ òfin ọjọ́ orí kúrò kó lè tún díje. Ní Addis Ababa lọ́dún 2017, Ahmad Ahmad ti Madagascar kó ìbò 34, òun ní 20. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí pé ẹni tó gba àyè márùn-ún fún wa kò yẹ ní irú ìdágbére bẹ́ẹ̀.