Kí òjò àkọ́kọ́ tó dé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí òkè tí iná jó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ àti omi, ẹ fetí sí mi. Ọdún méjì ni mo fi ń gun àwọn òkè tó wà lẹ́bàá odò Cache la Poudre ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná igbó Cameron Peak jó. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni iná náà ràn. Ó jó ju éékà 208,000 lọ kí wọ́n tó ká a mọ́ ní oṣù Kejìlá, kò sì sí iná igbó tó tóbi tó o nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Omi odò yẹn ni wọ́n ń mu ní Fort Collins àti Greeley. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a wá wọn iye erùpẹ̀ tí òjò ń gbá wọnú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ilẹ̀ tó ń kọ omi. Mo gbá eérú kúrò, mo kán omi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ká jọ roboto, ó ń dán bí omi orí ewé kókò. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá: 30 kọjá, 60 kọjá, omi ò rì. Bí ewé àti igi bá ń jó, ohun bí ìda tó wà lára wọn a di èéfín, a wọnú ilẹ̀, a wá dì mọ́ iyanrìn níbi tí ìsàlẹ̀ ti tutù díẹ̀. Bó bá jẹ́ orí eérú lẹ kán omi sí, yóò mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ dára. Ẹ gbá eérú kúrò. Ẹ gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan sí i, kí ẹ tún kán an. Ibi tí omi bá ti lò ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kó tó rì, ilẹ̀ ibẹ̀ ń kọ omi nìyẹn. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn gbàgbé láti wọn bí ilẹ̀ ṣe wà ní ìhòòhò tó. Ibi tí kò bá sí ewé tàbí koríko tó bo ilẹ̀, òjò á máa lù ú ní tààrà.

Ọgbà aṣọ la fi ń mú erùpẹ̀, irú aṣọ tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń ta yí ibi iṣẹ́ wọn ká níbí. A ó ta á dí ojú ọ̀nà àgbàrá, omi á sẹ́ kọjá, erùpẹ̀ á dúró, bí èèrí ṣe ń dúró nínú asẹ́ ògì. Ìsàlẹ̀ aṣọ náà gbọ́dọ̀ wọnú yàrà, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì gún ilẹ̀ lé e lórí kó le. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Èmi gbà fún un. Ilẹ̀ ti ń ṣú, òkúta pọ̀ níbẹ̀, yàrà ọgbà kẹrin ò ju ìka mẹ́rin lọ nígbà tí mo dáwọ́ dúró. Nígbà tí òjò líle àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù Keje, mo bá ọgbà náà lórí ìdúró, aṣọ rẹ̀ le dáadáa, erùpẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò kún korobá kan. Inú mi dùn, mo rò pé òkè yẹn kò bàjẹ́ púpọ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, kúnlẹ̀ ó ń wo ìdí aṣọ. A ti ku ṣọ́ọ̀kì pupa lílọ̀ sí ilẹ̀ ibẹ̀, ó pupa bí osùn, kí a lè mọ ibi tí ilẹ̀ àtijọ́ parí sí bí a bá ń kó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá wa fi ìka tọ́ka sí i fún mi: ojú pupa náà já ní ìdí aṣọ, ihò kan sì wà tó gba ọwọ́. Nísàlẹ̀ ọgbà, omi ti la ojú àgbàrá tuntun. Gbogbo ohun tí òjò yẹn gbé ti lọ sódò, kò sì sí bí a ṣe lè pè é padà wá wọ̀n.

Oṣù kan náà, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2021, ni àgbàrá ẹrọ̀fọ̀ àti igi ya wá láti àfonífojì Black Hollow sínú odò Poudre yìí, tó gbé ilé, tó sì pa èèyàn. Láti ọjọ́ náà, n kò fojú kékeré wo òjò tó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó jóná gan-an níbẹ̀, òjò bíi mílímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú 30 ti tó láti gbé erùpẹ̀. Torí náà, ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn òjò sí tòsí ọgbà, kí ẹ wo bó ṣe rọ̀ kíkankíkan sí ju àpapọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń kó erùpẹ̀, ẹ wọn korobá kọ̀ọ̀kan. Omi inú rẹ̀ ń tan ni jẹ, nítorí náà ẹ bù díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ fi sínú ààrò ní 105°C fún wákàtí 24, kí ẹ fi mọ ìwọ̀n erùpẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fẹsẹ̀ rìn yí ilẹ̀ tó ń da omi sí ọgbà náà ká, torí ìwọ̀n ilẹ̀ yẹn lẹ ó fi pín ìwọ̀n erùpẹ̀ náà. Bí ọgbà bá kún tó ṣàn kọjá, ẹ kọ “kò dín ní” síwájú iye tí ẹ rí. Ẹ má fi àbá dí i.

Nínú ìwé mi ti oṣù Keje yẹn, “omi gba abẹ́ rẹ̀” ni mo kọ síwájú ọgbà kẹrin, mo fi àyè kílò sílẹ̀ lófo. Lọ́jọ́ kejì a tún yàrà náà gbẹ́. Wákàtí mẹ́ta ló gbà wá nínú òkúta.