Wọ́n ní kó wá yan ọ̀dà, ó tún orí ọkọ̀ ṣe

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kíṣìnì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù, dúrọ́ọ̀, pákó orí ibi ìdáná. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé àwọn àgbàlagbà Gẹ̀ẹ́sì yóò ti bá ẹ̀rọ Kenwood kan pàdé, èyí tí wọ́n fi ń po kéèkì, tó funfun, tó wúwo, tí ìyá onílé kò ní jẹ́ kí ẹ gbé kúrò láyè rẹ̀ àfi tó bá dúró tì yín. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e síwá sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó tó ro bó ṣe máa rí. Ẹni yẹn náà ló ṣe iwájú ọkọ̀ ojú irin InterCity 125. Òun ló ṣe takisí dúdú TX1 tó jáde ní 1997. Òun náà ló ṣe ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ ń ju owó sí kí wọ́n tó lè páàkì lójú títì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Kenneth Grange lorúkọ rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ àwọn tí wọ́n fi oyè ọdún tuntun dá lọ́lá ní 2013 jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó di Sir Kenneth Grange. Ẹni ọdún 83 ni nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin tó ṣe ti ń gbé èrò láti 1976, àwọn tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síléèwé sì ti ń wọ̀ ọ́ lọ wo ọmọ ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá. Ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ọnà àwọn oníṣòwò ló kọ́ ní Willesden, ó sì wọ iṣẹ́ ológun bíi gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà, níbi tó ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Kò sí yunifásítì ńlá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo jí kọ́ lára rẹ̀, nítorí ó ti mú owó wọlé fún mi, ó sì ti dín ìjà èmi àti oníbàárà kù.

Ti ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Àwọn British Rail, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìjọba nígbà náà, kò pè é pé kó wá tún ọkọ̀ ṣe o. Àwọn ẹnjinníà wọn ti ṣe ọkọ̀ tán lójú tiwọn. Ọ̀dà ni wọ́n pè é fún, kó sọ àwọ̀ tí wọn yóò kùn ún àti bí ìlà yóò ṣe gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Grange wo imú ọkọ̀ náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ ṣe ọkọ̀ kéékèèké, ó kó wọn lọ sí Imperial College, níbi tí wọ́n ti ní yàrá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí nǹkan láti mọ bó ṣe máa sáré sí. Alẹ́ ló ń lọ, owó àpò ara rẹ̀ ló sì ń ná. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ó fi àwọ̀ tí wọ́n ní kó ṣe hàn wọ́n. Ó parí ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà ló wá yọ orí ọkọ̀ tuntun jáde, pẹ̀lú ohun tí afẹ́fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Wọ́n gbà á. Orí yẹn ni gbogbo Bìrìtìkó mọ̀ ọkọ̀ náà mọ́, ó sì ń sáré máìlì 125 ní wákàtí kan.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nígbà náà, mo rò pé ó kàn ń wá kí n fi sánpépà họ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fojú rí ni. Ọkọ̀ ojú irin àwọn Òyìnbó ló wá là á yé mi, pàápàá bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra wọn. Ohun tí wọ́n rán ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ jẹ́. Kò fi ti ara rẹ̀ ṣíwájú.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Ìyá àgbà kan ní Lewisham pè mí pé kí n wá kun ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òun ní àwọ̀ tuntun. Mo rí i pé gbogbo ìkòkò ìyá yìí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé orúnkún ló fi ń wá wọn. Kí ni ọ̀dà fẹ́ ṣe fún orúnkún? Ṣùgbọ́n ọ̀dà ló ní kí n wá kùn. Mo kun ilẹ̀kùn kan dáadáa, mo gbé e dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn. Ìgbà tó ti fọwọ́ sí i ni mo wá gbé dúrọ́ọ̀ kan jáde, èyí tí mo fi àjákù pákó kàn, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ fà á wò." Ó fà á. Ìkòkò bá a jáde wá. N kò tún sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àjákù pákó ni, kì í ṣe pákó tuntun. Ohun tí wọn kò rán yín, ẹ ṣe é ní kékeré, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò ní dun yín dé ibi tí ẹ ó ti máa bínú. Ẹ má lọ tú kíṣìnì oníkíṣìnì láìgbàṣẹ. Ọ̀ràn lẹ dá yẹn. Èkejì, n kò fi owó dúrọ́ọ̀ kún owó ọ̀dà. Iye tí a jọ sọ ni mo gbà fún ọ̀dà. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ dúrọ́ọ̀ yíká, a jókòó, a sọ owó mìíràn. Mo mọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọgbọ́n wọn ju tèmi lọ, àmọ́ tí oníbàárà kò pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì rí nítorí pé bí wọ́n bá ti rí àtúnṣe, inú owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sí.

Nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn. Níwájú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, irin roboto méjì máa ń yọ síta, èyí tó máa ń gba ìkọlù bí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́ra. Grange béèrè pé kí ni wọ́n wà fún. Ìdáhùn tó gbọ́ kò tó láti fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì lórí àti nídìí, tí wọn kì í sábà so nǹkan mọ́ imú rẹ̀. Wọ́n yọ wọ́n kúrò. Ìdí nìyẹn tí imú ọkọ̀ náà fi mọ́ roro. Béèrè ohun tí nǹkan wà fún kò ná yín ní kọ́bọ̀. Èmi náà ti bá ilẹ̀kùn pàdé tí kò sẹ́ni tó ṣí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án.

Ti Kodak, ilé iṣẹ́ oníkámẹ́rà, ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìtàn yẹn, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1958, ó ń bá Kodak to ibi ìpàtẹ wọn níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels, ó sì sọ ọ́ jáde pé ìpàtẹ náà ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kámẹ́rà wọn kò bá burẹ́wà tó báyìí. Ọ̀gá kan gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é, kó wá ṣe kámẹ́rà fún wọn, ó sì ṣe wọn fún ọdún púpọ̀, Instamatic 33 wà lára wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníbàárà ni Kodak. Àwa tí a tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn ilé, bí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n lè ní a ya aláfojúdi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n jẹ́ kí iṣẹ́ sọ ọ́. Dúrọ́ọ̀ yẹn ti sọ fún ìyá pé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò dára, èmi ò la ẹnu.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Kenwood. Ní nǹkan bí 1960 ni wọ́n fún un níṣẹ́ ẹ̀rọ kéèkì yẹn, ọjọ́ tí wọ́n fún un kò tó nǹkan rárá. Ó rí i pé òun kò lè ṣe àwòṣe rẹ̀ pé. Ó ṣe ìdajì péré, ó gbé ìdajì náà ti dígí. Àwọn ọ̀gá wo inú dígí, wọ́n rí odidi ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á! Mo ti gbé ìdajì kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ti dígí fún tọkọtaya kan, wọ́n sì yan ọwọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Kí n fi èyí kún un nítorí pé káfíńtà ni mí. Bàbá yìí kan àpótí ìwé kan sílé ara rẹ̀ tó rí bí ènìyàn, pé bí òun bá kú, kí wọ́n kó ìwé jáde, kí wọ́n gbé òun sínú rẹ̀, kí wọ́n sì de ìdérí. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má gbé irú ẹ̀ wọnú ilé yìí." Ní 2024 ni bàbá náà kú, ó lé ní ẹni ọdún 95.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti oyè gan-an, torí mo rí i pé ó ń da àwọn ènìyàn wa láàmú. Nílé, ewé akòko ni. Níbí, idà ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Sir yóò kúnlẹ̀ lórí àpótí kékeré, ọba tàbí ẹnì kan nínú ìdílé ọba yóò sì fi idà kan èjìká rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Ọmọ-ọba Anne ló fi jẹ Jony Ive ní Buckingham ní 2012, ẹni tó bá Apple ṣe iPod àti iPhone. Bàbá Ive, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ń kọ́ni níṣẹ́, ti gba OBE ṣáájú rẹ̀, oyè kan tó wà nísàlẹ̀ Sir, bíi MBE àti CBE. James Dyson, tó ṣe àwòṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ 5,127 kí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tó jáde, di Sir ní 2007. Oyè Grange kò sì déédéé wá: wọ́n ti fún un ní CBE ní 1984, ó lo ọdún tó lé ní 25 kí ti idà tó dé. Láàárín ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ti lé ní 70 nígbà tí Anglepoise gbà á pé kó máa darí ọnà fìtílà orí tábìlì wọn.

Wọn kì í ta oyè wọ̀nyí. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹgbẹ́ kan kọ̀wé sí mi nígbà kan pé wọ́n ti yàn mí gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ta yọ, kí n kàn sanwó tábìlì àti ti àwo góòlù. Mo bi wọ́n pé kíṣìnì mi wo ni wọ́n rí. Wọn kò dáhùn. Ti ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Lloyd George jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ta oyè títí ariwo fi ta, ìyẹn ló bí òfin 1925 tó sọ títa oyè di ọ̀ràn, wọ́n sì dá Maundy Gregory, alágbàtà oyè, lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀ ní 1933. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín rí MBE rà, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn kan sì wà tí kò fẹ́ ẹ nítorí pé orúkọ ilẹ̀ ọba amúnisìn, British Empire, wà nínú MBE àti OBE. Benjamin Zephaniah, akéwì, kò gba OBE tí wọ́n fẹ́ fún un ní 2003, n kò bá a wí. Yinka Ilori gba MBE tirẹ̀ ní 2021, n kò bá òun náà wí. Inú mi dùn ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, àga tí àwọn ènìyàn ti jù nù ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń tún wọn ṣe, ó ń kùn wọ́n, ó ń fi òwe tí wọ́n ń pa fún un nílé sínú wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè dárúkọ ẹlòmíràn fún oyè wọ̀nyí. Fọ́ọ̀mù wà lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kọ ohun tí ẹni náà ṣe àti ohun tó yí padà nítorí rẹ̀, ẹ ó sì wá ènìyàn méjì, ó kéré tán, tí yóò kọ lẹ́tà ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí ẹni náà ṣì máa ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá fẹ̀yìn tì. Ó máa ń gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì ní máa pè yín sọ bó ṣe ń lọ. Ẹ má sọ fún ẹni tí ẹ dárúkọ. Bí wọ́n bá yàn án, lẹ́tà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti béèrè bóyá yóò gbà á, wọn yóò sì ní kó pa á mọ́ títí tí orúkọ yóò fi jáde.

Èmi ń kọ ti obìnrin kan lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n lé kúrò níléèwé ní iṣẹ́ igi. Lẹ́tà kan ti wọlé. Ẹnì kejì ṣèlérí pé òun máa kọ tirẹ̀ tí ìsinmi bá ti parí, mo sì ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un, kó sáà sọ iye ọmọ tó ti rí iṣẹ́ ṣe.