Àdírẹ́sì IP wo gan-an lẹ fẹ́ pààrọ̀?

Ẹ pa ráútà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tàn án padà. Ìdáhùn tó máa ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn nìyí bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ àdírẹ́sì IP íntánẹ́ẹ̀tì ilé òun, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kẹ́ ẹ pa á látàárọ̀ dalẹ́, nọ́ńbà àná náà lẹ ó bá níbẹ̀. Àdírẹ́sì tó wà nínú ilé kan kì í ṣe ẹyọ kan, ẹni tó ń pín èyí ọ̀tọ̀, ẹni tó ń pín tọ̀hún ọ̀tọ̀.

Ráútà fúnra rẹ̀ ló ń pín nọ́ńbà fún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn. 192.168 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ wọn, tàbí 10, tàbí láti 172.16 dé 172.31. Ará ìta kankan kì í rí i. Àìmọye ilé ló ń lo 192.168.1.5 báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí tí Google àti báńkì yín ń rí ni ti ìta, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ń fún ráútà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tẹ ipconfig /release àti ipconfig /renew sínú Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ ní Windows, torí kí àdírẹ́sì ìta lè yí fi ń ṣe wàhálà lásán. Inú ilé làṣẹ méjèèjì yẹn mọ. Ìgbà tí wọ́n wúlò ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá gbé nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254: ó ti bẹ ráútà ní nọ́ńbà, ráútà ò dá a lóhùn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yẹ nǹkan méjì wò. Ẹ pa VPN (áàpù tó ń fi àdírẹ́sì ibòmíràn bo tiyín) tó bá wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá bi Google léèrè pé what is my IP, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé ráútà. Ọ̀pọ̀ MiFi àti ráútà 4G ti Huawei, 192.168.8.1 lẹ ó tẹ̀. Fún TP-Link àti ọ̀pọ̀ mìíràn, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ni. Bí kò bá ṣí, ẹ tẹ ipconfig sínú Command Prompt lórí Windows, kí ẹ wo iwájú Default Gateway. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ráútà yín wà. Páswọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá Status, kí ẹ wo WAN IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ráútà.

Bí WAN IP àti nọ́ńbà tí Google gbé jáde bá bára mu, àdírẹ́sì ìta náà jẹ́ tiyín nìkan. Bí ti ráútà bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, ẹ wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń pè ní CGNAT, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń fi síìmù wọ íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, bó ṣe rí nìyẹn.

Àìtó ló fà á. Nọ́ńbà IPv4, ìyẹn irú àdírẹ́sì IP tí à ń sọ bọ̀ yìí, kò ju bí bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo àgbáyé, oṣù Kejì 2011 ni IANA, àjọ tó ń pín in káàkiri àgbáyé, sì pín ìdìpọ̀ ńlá tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. AFRINIC, tó wà ní Mauritius, ló ń pín tilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 2020, ohun tó ṣẹ́kù lápò òun náà ti kéré débi pé 1,024 ni iye tó pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ilé-iṣẹ́ tó ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ síìmù níta fẹ́ fi 1,024 ṣe? Ó di dandan kí wọ́n kó èèyàn jọ sórí nọ́ńbà kan.

Ẹ ti mọ bí ilé onífésì-mi-kí-n-fésì-ẹ ṣe rí: bí ayálégbé kan bá da omi ìdọ̀tí sójú títì, gbogbo ilé ni wọ́n ó bú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Google ṣe máa ń ní kẹ́ ẹ tọ́ka àwòrán kẹ̀kẹ́ àti iná ojú pópó kẹ́ ẹ tó wá nǹkan kan, tí ìkànnì kan á sì ti yín síta láìṣẹ̀, nítorí ohun tí ẹlòmíì lórí nọ́ńbà yẹn ṣe. Irú èyí ni pípààrọ̀ IP lè tètè wò sàn.

Lórí ráútà 4G tàbí 5G, ó rọrùn. Ẹ lọ síbi Mobile Data lójú ìwé ráútà, ẹ pa á, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan, ẹ tàn án padà. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ipò ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan náà. Bí síìmù bá tún wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sábà máa ń gba nọ́ńbà tuntun. (Ní ilé tí kò sí ínfátà, NEPA ti ń bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.) Pípa Wi-Fi nìkan kò ṣe nǹkan kan, inú ilé ni Wi-Fi wà. Ẹ tún bi Google léèrè. WAN IP lè ti yí kí ti ìta ṣì wà bákan náà, torí pé ẹ̀yìn géètì kan náà ni wọ́n tún dá yín padà sí. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sí idán mìíràn níbẹ̀.

Ti fáíbà ló ní ìtàn. Ẹ wo Connection Type lójú ìwé WAN. Bó bá jẹ́ PPPoE, irú èyí tí ráútà ń fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọlé, ẹ tẹ Disconnect, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ Connect. Bó bá jẹ́ DHCP, ayálò ni nọ́ńbà náà, ó sì ní àkókò: Lease Time 86400 túmọ̀ sí ọjọ́ kan, torí ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ká a. Bí ìdajì àkókò yẹn bá ti pé, ráútà á lọ tún un yá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ráútà tó wà lórí ínfátà ṣe ń fi oṣù gbáko gbé nọ́ńbà kan. Ẹ̀rọ tó ń pín in náà kì í gbàgbé. MAC ráútà yín, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi dá ẹ̀rọ mọ̀, ló fi ń rántí yín, ìyẹn ló fà á tí pípa-á-tàn-án fi ń dá nọ́ńbà àná padà.

Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ Release, kẹ́ ẹ pa ráútà, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ títí Lease Time á fi kọjá, kí wọ́n lè gbé nọ́ńbà yẹn fẹ́lòmíì. Kò dájú, ṣùgbọ́n kò léwu. Ìkejì ni MAC Clone, ibi tí ẹ ti lè yí MAC padà lójú ìwé ráútà. Ẹ kọ MAC tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ sórí bébà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àmì méjì tó kẹ́yìn nìkan: 0 dé 9 tàbí A dé F ni kẹ́ ẹ lò, bí àpẹẹrẹ kí 3C di 3D. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ṣáájú, torí MAC tí àmì rẹ̀ kejì bá jẹ́ nọ́ńbà aláìpéjì, ráútà kò ní gbà á. Ẹ fi pamọ́, kí ẹ pa àpótí fáíbà àti ráútà pọ̀, torí àpótí mìíràn wà tó jẹ́ MAC tó kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n tàn án nìkan ló mọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, ilé-iṣẹ́ yín ti so àkáǹtì mọ́ MAC àtijọ́ nìyẹn. Ẹ dá ti orí bébà padà.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe rárá ni kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ ti ihò Reset. Kì í pààrọ̀ IP. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù PPPoE, nọ́ńbà VLAN, orúkọ Wi-Fi, gbogbo rẹ̀ ló ń nù, ẹ ó sì wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn oníbàárà-wa-ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró títí wọ́n á fi rán ẹnì kan wá.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa rí òun bí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, VPN ló ń wá. Kò sí iye ìgbà tí ráútà yóò kú kó jí tí á fi gbé e kúrò ní Nàìjíríà. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá VPN náà bo IPv6, irú àdírẹ́sì IP tuntun, mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì á gba ibẹ̀ rí ibi tó wà. Ẹni tí ìkànnì kan sì ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kó má da ara rẹ̀ láàmú; kúkì (fáìlì kékeré tí ìkànnì ń fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ̀) àti àkáǹtì náà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, IP ò tiẹ̀ tó nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé láti òkèèrè, tó ti ṣí port forwarding (ọ̀nà tí ará ìta lè gbà wọlé lára ráútà) títí tí kò ṣiṣẹ́, kó wo WAN IP rẹ̀: bó bá wà lẹ́yìn CGNAT, kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Kó bèèrè static IP, ìyẹn àdírẹ́sì ìta tí kì í yí, tí wọ́n sábà máa ń gba owó lé lórí, tàbí kó ra kámẹ́rà tó ń gba sáfà oníkámẹ́rà kọjá.

Ó wá ku ìyípadà inú ilé, èyí tí mo gbà pé ó ń wúlò jù gbogbo èyí lọ. Ẹ ra ráútà kejì kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ so wáyà láti ara ti àkọ́kọ́ sínú ihò WAN rẹ̀, Wi-Fi gbé, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Ẹ wò ó: 192.168.1.1 làwọn méjèèjì ń jẹ́. Ráútà kejì ò lè mọ èyí tó jẹ́ ilé àti èyí tó jẹ́ ìta. Ẹ yọ wáyà yẹn, ẹ wọ Wi-Fi ráútà kejì, ẹ lọ síbi LAN, ẹ sọ IP rẹ̀ di 192.168.2.1, ẹ tẹ Save. Ojú ìwé náà á dákú. Kò bàjẹ́, ó ti ṣí lọ ni. Ẹ pa Wi-Fi fóònù kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ 192.168.2.1, á sì ṣí. Ẹ so wáyà padà. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà 192.168.1 sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kámẹ́rà tó wà lórí ráútà kejì yẹn, ẹ lọ yí i níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi 192.168.2.1 sí iwájú Gateway rẹ̀.