Ẹ Wá Orí Ìnáwó Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Kọ̀wé Nípa Àkùrọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, mo kí yín. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀. Ẹ ń kó àbá iṣẹ́ wá kí n bá yín wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn. Inú mi ń dùn sí i, nítorí pé ní ìgbà tiwa, ẹni tí ó bá kọ̀wé nípa àkùrọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, bí mo ti ń ka àwọn àbá náà ni ara mi ń bù máṣọ, nítorí pé ibi tí iṣẹ́ tiwa ti dojú dé gan-an ni ẹ̀yin náà dorí kọ.

Ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Ìránì, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ilẹ̀ olómi ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1971. Ẹ ó sọ̀rọ̀ nípa lékeléke, ẹ ó sọ̀rọ̀ nípa ẹja, ẹ ó ní nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ olómi ayé ni ó ti run láàárín ọdún 1970 sí 2015. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ìwé bá ń parí lọ ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ yóò dá owó tirẹ̀ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ bá yín jíròrò.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé orúkọ àti àdéhùn kì í mú owó wá. Ibi 11 ni Nàìjíríà ní nínú àkójọ Ramsar. Adágún Nguru ni ó kọ́kọ́ wọlé, ní ọdún 2000, mẹ́wàá yòókù wọlé ní ọdún 2008, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ká tilẹ̀ sọ pé ó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa sanwó oṣù fún un. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009 náà wà, tí ó dáàbò bo ilẹ̀ olómi, etí odò àti etí adágún. Ó dára kí ẹ mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gé ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì kì í kà á.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé owó kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. Àpò owó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund ti wà láti ọdún 1981. Omíyalé, ilẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ lọ àti aṣálẹ̀ tí ń gbilẹ̀ ni ó gbájú mọ́. Lẹ́yìn omíyalé ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n yá a fún. NEWMAP, iṣẹ́ àkànṣe tí Báńkì Àgbáyé fi owó sí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 pẹ̀lú 500 mílíọ̀nù dọ́là, ọ̀gbun tí àgbàrá gbẹ́ ni ó wá dí. ACReSAL, iṣẹ́ Báńkì Àgbáyé mìíràn lórí ilẹ̀ tí ń gbẹ, tí ó tẹ̀lé e, ní 700 mílíọ̀nù dọ́là, ìpínlẹ̀ 19 ti òkè Ọya àti Àbújá nìkan ni ó sì wà fún. Èyí ni pé ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìlọrin, tí ó kọjá ààlà bọ́ sí Kwara, ti wọ inú owó náà, àwa tí a wà ní ìhín ààlà ń wò ó. Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Songdo ní Kòríà, kì í gba ìwé tààrà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré, àfi kí ẹ gba ọ̀dọ̀ àjọ tí wọ́n ti fún ní àṣẹ kọjá. Ẹ tún wo orúkọ àwọn owó wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń jẹ́ owó àkùrọ̀. Owó lílé omi lọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àkùrọ̀ ni ilé omi.

Mo ti kọ ẹ̀kọ́ kẹta sílẹ̀ sórí ìwé, ṣùgbọ́n kò lè yé yín bí n kò bá sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀.

Àkùrọ̀ kan wà ní ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. N kò ní sọ ìhà tí ó wà, kí ẹ má baà mọ àwọn tí mò ń bá wí. Nígbà òjò, omi ìlú a máa sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, a tẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín koríko àti ìrèké, a sì máa rọra rin wọ inú ilẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ewéko ibòmíràn bá ti rọ, àwọn ìyá kan a máa gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọkọ́ gbẹ́ ihò tí kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn lọ, omi yóò ti sun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún ebè kan ṣe tán, inú ihò yẹn ni wọ́n sì ti ń fi ike bu omi wọ́n ẹ̀fọ́ wọn. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà ní Sábó ní oṣù Kejì, ibẹ̀ ni ó ti ń wá.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan gbà láti fún ọ́fíìsì wa lówó kí a fi pa àkùrọ̀ yìí mọ́: kí a wọn ààlà rẹ̀, kí a gbin igi sí etí rẹ̀, kí a sì kọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bí wọn kò ṣe ní fi oògùn kòkòrò ba omi jẹ́. Ohun méjì ni wọ́n béèrè: ìfọwọ́sí àwọn onílẹ̀, àti owó káńtápáàtì láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ìyẹn owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ yóò dá pọ̀ mọ́ tiwọn. Ti onílẹ̀ ni mo rò pé yóò le, kò sì le rárá. Bàbá tí ó jẹ́ olórí ẹbí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ tí èèyàn ò lè kọ́lé sí, kí la fẹ́ fi ṣe tí a ò ní fún yín?" Ó fọwọ́ síwèé lójú àwọn ọmọ ẹbí. Ẹ fi gbólóhùn bàbá yẹn sọ́kàn, nítorí pé kò purọ́ ní ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Owó káńtápáàtì ni ó wá di wàhálà. Mo kọ ọ́ sínú àbá ìṣúná pé kí wọ́n ṣí orí ìnáwó tuntun, ìyẹn ìlà tí owó kan ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìṣúná, kí ó máa jẹ́ ìdáàbòbò àkùrọ̀. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tí n kò ní dárúkọ ní kò sí àyè fún orí tuntun ní ọdún yẹn. Ó ní kí a ti owó náà bọ abẹ́ orí ìnáwó gọ́tà àti àgbàrá, nítorí pé ìyẹn ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, àwọn aṣòfin kò sì ní tú u wò. Mo kọ mẹ́mò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé orúkọ tí owó bá ń jẹ́ nínú ìwé ìṣúná ni àwọn akápò yóò tẹ̀lé nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Bírò pupa ni ó fi kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré: KIV, ìyẹn "Keep In View", kí a fi í síbẹ̀ ná. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ọba mọ̀ pé ìwé tí wọ́n bá kọ ìyẹn sí lára ti re inú fáìlì lọ sùn. Ẹ̀dà mẹ́mò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi han àwọn kan nínú yín.

Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí ìṣúná, àwọn òyìnbó rí owó nínú rẹ̀, inú wọn dùn, a wá dúró de títú owó sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tú u, kò bá ọ̀dọ̀ wa wá. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún kọngílá, nítorí pé àgbàrá ni ìwé wí, ọkùnrin náà kò sì ṣe ju ohun tí ìwé wí lọ. Katapílà wọ inú àkùrọ̀, wọ́n la gọ́tà ńlá gba àárín rẹ̀ já, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dán, ó gún. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò yìn ín.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e, àwọn ìyá gbẹ́ ihò títí ó fi jìn dé ìbàdí, erùpẹ̀ gbígbẹ tí ó rí bí eérú ni wọ́n ń bá pàdé. Omi tí ó yẹ kí ó dúró rin ilẹ̀ ti ń bá gọ́tà lọ kí òjò tó dá tán. Kànga àwọn ilé tí ó wà nítòsí fà. Ilẹ̀ tí ènìyàn kò lè kọ́lé sí ti di ilẹ̀ tí ènìyàn lè kọ́lé sí, òkúta ààlà àwọn awọnlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí níbi tí ebè ẹ̀fọ́ wà. Olórí ẹbí kò fẹ́ fojú kàn mí mọ́. N kò dá a lẹ́bi, ìjọba ni ó sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọjà. Nígbà tí òjò ńlá wá dé, gbogbo omi tí àkùrọ̀ ti ń gbà dúró já lu àwọn ilé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n bá tún kọ̀wé béèrè owó àgbàrá mìíràn. Àjọ òkèèrè gba owó wọn padà. Nínú ìròyìn ọdún náà, abẹ́ iṣẹ́ ìkojú ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n kọ gọ́tà yẹn sí, ọ̀gá tí ó kọ KIV sì gba ìwé ìyìn. Àwọn ènìyàn ní kí n gbàgbé rẹ̀. N kò tíì gbàgbé.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé ní ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí wọn kò bá fi sìmẹ́ńtì ṣe kì í jẹ́ iṣẹ́ lójú àwọn aláṣẹ. Òṣèlú lè já rìbọ́ọ̀nù níwájú gọ́tà. Ta ni yóò já rìbọ́ọ̀nù níwájú ẹrẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú àkùrọ̀ yẹn ni ewé àti gbòǹgbò ọdún pípẹ́ wà nínú rẹ̀, tí omi kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà tán. Ọjọ́ tí ẹ bá fa omi ibẹ̀ gbẹ ni afẹ́fẹ́ yóò ráyè wọlé, wọn yóò jẹrà, kábọ́ọ̀nù inú wọn yóò sì gòkè lọ bá èyí tí ó ti pọ̀ jù lójú sánmà. Owó tí wọ́n pè ní owó ojú ọjọ́ ni ó ṣe èyí. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ó dá ìgbìmọ̀ àti àpò owó sílẹ̀ fún un, mo sì gbóríyìn fún àwọn tí ó jà fún un. Ṣùgbọ́n Àbújá ni òfin náà wà, orí ìnáwó tí ó gbé katapílà wá wà ní ìpínlẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi títa kábọ́ọ̀nù ṣe ìlérí fún àwọn onílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Àkùrọ̀ tí kò ju ìwọ̀nba pápá bọ́ọ̀lù díẹ̀ lọ, owó wíwọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò ju owó tí ẹ ó rí lórí rẹ̀ lọ.)

Ẹ̀kọ́ kẹta nìyí: orúkọ tí owó bá ń jẹ́ nínú ìwé ìṣúná ni iṣẹ́ tí yóò ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá pe àwọn ará ìlú sí ìpàdé lórí ìṣúná ọdún tí ń bọ̀, ẹ lọ, ẹ má sì sọ̀rọ̀ lékeléke níbẹ̀. Ẹ béèrè orí ìnáwó tí yóò máa jẹ́ orúkọ àkùrọ̀, bí owó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ẹ ó wá máa jà kí ó pọ̀ sí i. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la gọ́tà gba ibi omi kọjá, ẹ béèrè àyẹ̀wò ipa lórí àyíká tí òfin ọdún 1992 là sílẹ̀ kí katapílà tó dé. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, tí ó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, wọn a máa ní òfin náà kò kan ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n.

Ní ti onílẹ̀, ìfọwọ́sí nìkan kò tó. Nígbà tí ilẹ̀ kò níye lórí ni bàbá yẹn fún wa, ìgbà tí ó níye lórí ni ó gbà á padà. Ẹ kọ ohun tí ẹbí yóò máa rí gbà lọ́dọọdún sínú àdéhùn, kí ó ti wà nínú ìṣirò owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú àwọn tí ó ṣe àdéhùn, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọn yóò pè, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí katapílà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì rò pé àwa ni a rán an.