Ọwọ́ èèyàn n'Íbàdàn, ẹ̀rọ ní Manchester

Àwọn tó wà nílé máa ń rò pé oúnjẹ sísè rọ̀ wá lọ́rùn nílùú ọba. Wọ́n á ní iná kì í lọ, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, gáàsì kì í tán síni lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Àwa tá a wà níbí náà máa ń sọ pé àwọn ará ilé ló ń gbádùn, torí kò síbi téèyàn dúró sí n'Íbàdàn tí àmàlà gbígbóná jìnnà sí i. Òótọ́ nìyẹn náà. Mo ti gbé níbi méjèèjì, mo sì ti dáná níbi méjèèjì. Ìrọ̀rùn wà lọ́tùn-ún lósì, ibi tó ti ń wá ni kò jọra. N'Íbàdàn, ẹlòmíì á ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí n tó gbé ìkòkò kaná. Ní Manchester, èmi àti ẹ̀rọ la jọ ń ṣe é, kò sẹ́nìkẹta.

Ẹ wo ọbẹ̀ ata. Ní Bódìjà, ìyá aláta tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá mi ṣa tòmátì, tó ń yọ èyí tó ti fẹ́ rà sọ́tọ̀, tó ń fi rodo méjì-mẹ́ta ṣe ẹ̀ènì. "Ìyàwó mi, gba èyí mọ́ ọn." Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata. Ọ̀gbẹ́ni náà á da gbogbo rẹ̀ sínú omi, á ṣàn án, á já ìdí tàtàṣé dànù, á bu omi sẹ́nu ẹ̀rọ láti fọ ata ẹni tó lọ tiẹ̀ kọjá kúrò, á wá kó tèmi sí i. Igi pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń tì í wọlé. "Ṣé kó kúnná ni?" Kí n tó dáhùn tán, ata ti ń ṣàn bọ̀ sínú ike mi, pupa fòò, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ torí irin tó gbà kọjá. Ẹ̀rọ tó ń lọ ògì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa gbé ata débẹ̀. Tí mo bá délé, epo ni mo kàn máa gbé kaná.

Ní Manchester, tàtàṣé gígùn tó ń jẹ́ Romano ló súnmọ́ tiwa jù, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ní tútù nínú blender, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú kí omi náà tó gbẹ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo là á sí méjì, mo tò ó sórí páànù pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà àti rodo, mo tì í sínú oven títí èèpo rẹ̀ á fi dúdú léteetí, kí n tó lọ̀ ọ́. Omi á ti lọ, adùn á sì ti wọlé. Mo ti kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́kọ́lá, àwọn tó ní oven nínú wọn sì ń ṣe é báyìí.

Ewédú kò le rárá. N'Íbàdàn, ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti já kúrò lára igi rẹ̀, kaun díẹ̀ àti ìjábẹ̀ ló kù. Níbí, ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá ni mo ti ń rà á. Àwọn ará Íjíbítì fẹ́ràn ewé yìí gan-an, mulukhiyah ni wọ́n ń pè é. Ó ti gé wẹ́wẹ́, ó sì ti dì gbagidi nínú ọ̀rá. Omi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sè é, ẹ má dé e, ẹ fi irú sí i, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Gbẹ̀gìrì ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Lọ́dún 2015, Ìparapọ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, torí wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n gbà lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú ìparapọ̀ náà nígbà yẹn. Torí náà, ẹ̀wà olójú dúdú tí àwọn ará Íńdíà ń tà ni mo fi ń se gbẹ̀gìrì. Wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n ti là á, kò sí pé à ń fi ọwọ́ ra á nínú omi. Ó dẹrùn, ó sì dùn. Ohun tó ń dùn mí ni pé oògùn tí kò dára fún ará Yúróòpù, kò dára fún ará Ìbàdàn náà. Ẹ̀wà tí wọn ò gbà ní etí òkun ọ̀hún, àwọn ìyá wa ń fi se gbẹ̀gìrì, wọ́n ń fi din àkàrà fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ó yẹ kí ẹni tó ń kó ẹ̀wà wọ Bódìjà ní ọkọ̀ ńlá bá wa ro ìyẹn.

Àmàlà fúnra rẹ̀, èlùbọ́ Òkè-Ògùn kan náà ni mo ń rò níhìn-ín. Sítóòfù onígíláàsì ni kò ràn wá lọ́wọ́, ìkòkò ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ń fi aṣọ inúra tó nípọn di etí rẹ̀ mú, kí n lè fi orógùn tẹ kókó fọ́.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọbẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn, àárọ̀ la ti ń gbé ọbẹ̀ kaná kó má bàa kan, alẹ́ la tún ń gbé e kaná, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná á wà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀, tá a sì ń jẹ ẹ́ lọ́tun. Níbí, mo ń se ọbẹ̀ ata lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá pín in sínú ike, màá kọ ọjọ́ sí i, ó di inú firísà. Ó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní parọ́, irú inú ọbẹ̀ tó ti dì kì í ta sánsán bí ti àkọ́sè.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí òde.

N'Íbàdàn, ìnáwó ọjọ́ Sátidé ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n á ta kánópì dí àdúgbò, àwọn alásè á to ààrò sẹ́yìn ilé, igi á máa jó wọlé lábẹ́ ìkòkò tó gba àpò ìrẹsì. Àwọn àǹtí àti ìyàwó ilé á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa nu ewé eéran, wọ́n á ká a bí ìkòtò, wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, ẹyin díẹ̀, ẹja díẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ìdí ewé sẹ́yìn kó má bàa jò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ẹbí wa jù. Kò sẹ́ni tó ń ka àlejò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó ní "ẹ kú ìnáwó," wọ́n á fún un ní àga. Ìrẹsì náà á sì jó díẹ̀ nídìí ìkòkò, èéfín igi á wọ̀ ọ́ lára, adùn yẹn ni gbogbo wa ń wá.

Ní Manchester, gbọ̀ngàn tá à ń san owó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí ni. Wọn ò ní gbà kí a dáná igi, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín wà lókè àjà. Alásè á bi ọ́ pé àgbà mélòó, ọmọdé mélòó, á gbé oúnjẹ dé nínú páànù onífóìlì. Tó bá ti tó àkókò, wọ́n á tan gbogbo iná, olórin á sì dákẹ́. Ìlànà yẹn ní èrè tirẹ̀: oúnjẹ kì í ṣòfò púpọ̀, àlejò ìkẹyìn náà á sì rí ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó ń ká ewé. Ìyẹn ni àwa obìnrin mélòó kan ṣe pinnu pé ìsọmọlórúkọ tó bá kàn, a ò ní fi móínmóín sílẹ̀ fún alásè. A ń ra ewé eéran tó ti dì ní ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà, a ń kóra jọ sílé ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a sì ń kó àwọn ọmọ wa wá kí wọ́n wá kọ́ ọ.

Ibi tí mo ti gbóríyìn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin oúnjẹ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó pọn dandan kí ẹni tó ń tà oúnjẹ lè sọ bóyá ọ̀kan nínú ohun 14 tó ń ṣàkóbá fún ara àwọn kan wà nínú rẹ̀: epa, edé, ẹja, ẹyin, mílíìkì, àlìkámà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa se oúnjẹ tà láti ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 28 kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sanwó kọ́bọ̀. Wọ́n á wá wo ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Àwọn bàbá wa mọ wolé-wolé dáadáa, ẹ̀rù wọn a sì máa ba gbogbo agbo ilé. Ó wù mí kí iṣẹ́ yẹn padà lágbára n'Íbàdàn, kó kan ìdí ìkòkò alásè, kó kan orí tábìlì oníṣawámà.

Torí oúnjẹ títà ti yí padà nílé báyìí. Àwọn ọmọ Chowdeck, ilé iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ tá a bá fi fóònù rà wá sílé, ń fi ọ̀kadà gbé abula láti Bódìjà lọ sí Àkóbọ̀. Àwọn tí iná wọn dúró dáadáa ti ra air fryer, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná dín nǹkan, èyí tí gbogbo èèyàn rọ́ lọ rà níhìn-ín nígbà tí owó iná gbówó lórí lọ́dún 2022. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti inú rẹ̀ jáde jọ bọ̀ọ̀lì ju dòdò lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún àlejò.

Èyí tó wù mí jù ni ọbẹ̀ lítà. Obìnrin kan á se ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí, àyàmáṣe, á dà á sínú ike ńlá, á gbé e délé fún ẹni tí kò ráyè. Ní Manchester, àwọn ọmọ wa náà ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ọjọ́ tó sè é, ẹ bi í bóyá edé tàbí epa wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ n'Íbàdàn, ẹ tún bi í bí iná ṣe rí ládùúgbò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, torí ọbẹ̀ tó ti yọ́ tó tún padà dì kì í ṣe ohun tá à ń fún ọmọdé.