Ohun Tí Ẹ́síréè Kò Lè Fi Hàn Nínú Orúnkún

Egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún ọmọ àbúrò mi, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo, máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ́síréè sì fi hàn pé egungun kankan kò kán. Ṣùgbọ́n ẹ́síréè kì í fi kátílẹ́èjì hàn, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń dán tó bo orí egungun. MRI, tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yàwòrán, ló ń fi í hàn (owó rẹ̀ ga, kò sí irọ́ níbẹ̀). Bí egungun náà bá ń padà sáyè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ sábà máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ òde egungun itan, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí dókítà tẹjú mọ́. Ọgbẹ́ kékeré lára kátílẹ́èjì lè fara pamọ́ fún MRI pàápàá. Kámẹ́rà tí oníṣẹ́ abẹ ń tì bọ inú oríkèé ló ń rí i kedere.